Asọ̀rọ̀mágbèsì tiwa: bí mo ṣe ń fi pọ́díkáàsì la àwọn àgbà lóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Àgbàlagbà tó bá sọ fún yín pé òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má tètè gbà á gbọ́. Ọ̀gá fọkanáísà kan wà ní kíláàsì mi tó ti ń lẹ táyà láti ọdún 1997. Kò sí ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sọ ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e, títí kan èyí tí wọ́n fi ń bú u. Àmọ́ "Yes sir" àti "No sir" ló fi ń dá gbogbo wọn lóhùn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Tíṣà, wọ́n á rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín yẹn ni mò ń bá wọ̀yá ìjà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Báyìí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, àwọn àgbà mọ́kànlá ló ń bá mi jókòó nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn: télọ̀, aláṣọ òfì, fọkanáísà, aláta, awakọ̀, àti bàbá kan tó wá láti Kétu ní ilẹ̀ Benin, tó gbọ́ Faransé dáadáa. Ọmọdé tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rín in, ó tán. Àgbà tó ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́fà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá fi í rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí ọdún á fi yípo.

Àwọn baba wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, torí ó máa ń sọ tirẹ̀ láì dúró gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo ronú sí orúkọ yẹn títí lọ́jọ́ kan, mo ní, ohun tí àwọn èèyàn mi ń wá rèé: ìṣẹ́jú méjì tí ẹnikẹ́ni kò lè já lu ọ̀rọ̀ wọn, tí wọn kò sì ní máa wo ojú ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì nìyẹn. Kí orúkọ náà má bà yín lẹ́rù. Láti 2004 tó ti kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Guardian ti Britain, ohun kan náà ló ń jẹ́: rédíò tí èèyàn fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀, tí olùgbọ́ á ṣí nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó bá ti fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti tó. Tiwa jẹ́ Android àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti là, ètò ìgbohùnsílẹ̀ tó sì wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo rà á ni a ń lò. Bí ẹ bá ní íapíìsì tó ní máíkì, ẹ fi í sára fóònù. Bí kò bá sí, ẹ gbé fóònù sí nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí èémí má baà máa lù ú. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ tẹ àwòrán ọkọ̀ òfuurufú lórí fóònù kí ìpè kankan má lè wọlé. Awakọ̀ wa ti sọ̀rọ̀ dé ibi tó dùn jù lọ́jọ́ kan nígbà tí àbúrò mi pè mí láti Ṣàgámù. Ó tún un sọ lóòótọ́, àmọ́ adùn ti kúrò nínú rẹ̀.

Yàrá ló ń yọ wá lẹ́nu ju fóònù lọ. Yàrá ṣọ́ọ̀ṣì wa kò ní ju àga àti ògiri símẹ́ńtì lọ, ohùn tó bá sì lu ògiri símẹ́ńtì, ṣe ló ń padà wá báni, ọ̀rọ̀ á wá máa dún bí ẹni tó wà nínú kòtò. Òrùlé páànù ni pẹ̀lú. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ká yáa máa kàwé. Télọ̀ wa ló yanjú rẹ̀. Ó ní ká máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun, ó gbé àpótí kékeré kan sí àárín aṣọ tó so kọ́, agbádá lọ́tùn-ún, bùbá àti ìró lósì, ó ní kí n jókòó síbẹ̀ kí n sọ̀rọ̀. Ohùn mi jáde ketekete. Aṣọ ń gbé ohùn mì, kì í dá a padà. Ẹni tí kò bá ní télọ̀ nítòsí lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, kó kọjú sí i, tàbí kó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ara rẹ̀ lórí. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, èmi ò tíì rí oògùn rẹ̀.

Yorùbá ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Èyí ni ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń fò, òun ló sì ń bà á jẹ́ fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ Gẹ̀ẹ́sì sínú fóònù. Kí olúkúlùkù sọ ìṣẹ́jú kan ní Yorùbá, lórí ohun tó jẹ láàárọ̀ tàbí bó ṣe débẹ̀, kó wá fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá wọn ló fajú ro. "Èyí kì í ṣe ohùn mi." "Ṣé bí mo ṣe ń dún rèé?" Ìyá aláta ní òun ò mọ̀ pé ohùn òun tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti ń polówó ata.

Mo wá ṣàlàyé fún wọn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀nà méjì ni ohùn wa ń gbà dé etí wa: ọ̀kan gba inú afẹ́fẹ́, ọ̀kan gba inú egungun orí wa. Èyí tó gba inú egungun ló ń mú kí ohùn wa ki, kó sì wúwo létí ara wa. Fóònù kò bá wa pín nínú egungun, ti inú afẹ́fẹ́ nìkan ló gbọ́. Ohùn tí gbogbo ayé ti ń gbọ́ lẹ́nu yín láti ọjọ́ yìí nìyẹn, wọ́n sì ń bá yín rajà bẹ́ẹ̀.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá jẹ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nínú ohùn àjèjì yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n sọ, nígbà tó jẹ́ pé ohùn ara wọn ni kò tíì mọ́ wọn lára. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ wọn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún àgbàlagbà ní "My Best Friend" tàbí "How I Spent My Last Holiday". Ìgbà wo ni aláta lọ họ́lídè? Ẹ fún un ní ohun tó mọ̀ ju ẹ̀yin fúnra yín lọ. Èmi náà kò mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó àfi ọjọ́ tí ọ̀gá fọkanáísà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Mo ní kó sọ ohun kan nípa táyà fún wa. Ó yí táyà tòkunbọ̀ kan wọlé láti ìta, ó gbé e dùbúlẹ̀ síwájú mi, ó fi ìka tó dúdú fún gíríìsì tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ títí ó fi dé ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà jánganjàngan ló tẹ̀ lé e. Ó fo gbogbo wọn, ó fi èékánná tẹ mẹ́rin tó kẹ́yìn: 2319. Ó sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá ná: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, ó ti wà kí ọdún 2000 tó wọlé, ẹ sá fún un. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà náà níhà kan, ẹ wo ìhà kejì. Ọdún 20 ni mo ti ń wa mọ́tò, èmi tí wọ́n ń pè ní tíṣà, n kò mọ̀ ọ́n rí.

Mo tẹ fóònù, mo ní, "Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ ra táyà tí kò gbọ́ Yorùbá." Ó kúnlẹ̀ ti táyà rẹ̀, kò tilẹ̀ wo fóònù. "Look this number. Two three, one nine. Week twenty-three, year two thousand nineteen. Don't look the body. The body is fine for eye, but inside is tired. Before I put hair, I must check." Ìṣẹ́jú àáyá 47 ló lò. Ọkùnrin tí kò sọ ju "Yes sir" lọ láti oṣù méjì.

Ẹ gbọ́ "hair" yẹn àbí? Atẹ́gùn ló ní lọ́kàn, "air". Èmi náà gbọ́ ọ. Mo dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà dé ibẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo kọ sára páálí, tí ẹnì kan á fi máa bi ẹnì kejì: "What is this?" "How do you know it is good?" "What do people do wrong?" Ìkẹta ni ọba wọn. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ẹ̀dùn lọ́kàn sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Bí ẹ bá ti kan ibẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì á máa tú jáde láì wá a. Télọ̀ wa sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí àwọn tó ń mú aṣọ wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Sátidé.

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn

Ìyá aláṣọ òfì wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìwé tí ọmọ rẹ̀ tó jáde yunifásítì kọ fún un. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: "It is with utmost pleasure and profound gratitude..." Ó kà á bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó ka ohun tó kọ sílẹ̀. Kò sí ìyá aláṣọ nínú rẹ̀ rárá. Mo fi ọgbọ́n gba ìwé náà, mo fún un ní páálí kékeré tí ọ̀rọ̀ márùn-ún péré wà lórí rẹ̀: ẹtù, sányán, àlàárì, colour, wedding. Àwọn tí kò mọ̀wé kà nínú wa, àwòrán ni mo máa ń yà fún wọn, ẹ sì máa ṣàánú àwòrán mi bí ẹ bá rí i. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ti tó láti di ọ̀rọ̀ ẹni mú. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí kàwé.

Ọ̀rọ̀ kíkí náà tún wà. Bí fóònù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn, ohun tó kọ́kọ́ ń já lẹ́nu gbogbo wọn ni "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Mo máa ń dá wọn dúró níbẹ̀rẹ̀, mo ní "Good evening" ni kí wọ́n sọ, ó sì máa ń tutù lẹ́nu wọn bí ẹ̀kọ àná. Mo yáa fi sílẹ̀. Wọ́n ń kí èèyàn ní Yorùbá báyìí, ara wọn á balẹ̀, wọ́n á wá gba Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan kò lè pe àgbà ní "you", ó ń ṣe wọ́n bí ẹni tó pe bàbá rẹ̀ ní "ìwọ". Mo ní kí wọ́n fi "sir" tàbí "ma" tì í lẹ́yìn. Gbogbo Nàìjíríà ló ń ṣe é.

Ìka ta ni yóò pa á rẹ́?

Mo ṣe àṣìṣe kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ìyá aláta gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí bí a ṣe ń yan tàtàṣé tí kò ní omi nínú jù. Ó dùn mọ́ mi nínú débi pé mo ṣí i fún àwọn obìnrin kan lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìdùnnú ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú, àmọ́ ẹnì kan lọ sọ fún un ní ìsọ̀ rẹ̀ pé "a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yín". Ọ̀sẹ̀ méje ni kò fi wá. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ra rodo, mo ra tàtàṣé, ó ń bá mi ṣe ẹ̀rín ọjà, kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìgbà kẹta tí mo lọ ló tó ní, "Tíṣà, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́."

Láti ìgbà náà, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń fi han akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lórí fóònù ni bí wọ́n ṣe ń pa ohùn rẹ́, kó tó kan bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ẹni tó ni ohùn ló ni ìka tó máa tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ kan náà sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, torí láti ẹ̀kẹrin lọ, àárẹ̀ ni a máa gbọ́. Nínú mẹ́ta náà, òun fúnra rẹ̀ ló máa yan èyí tó máa kù. N kì í gé "ẹ̀ẹ̀n... ẹ̀ẹ̀n..." kúrò. Ẹni tó ń ronú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn oyinbo náà ń ṣe é.

Àtúnṣe kan ṣoṣo

Bí a bá jókòó gbọ́ ọ, ètò kan wà tí n kì í yẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ ohun tó gbọ́. Àwọn yòókù á wá sọ ohun tí ó yé wọn. Wọn kò láṣẹ láti sọ èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Èmi ni mo kẹ́yìn, ohun kan ṣoṣo ni mo sì lè tún ṣe nínú pọ́díkáàsì kan, bí àṣìṣe ibẹ̀ tilẹ̀ tó ogún. Èyí tó lè ṣi olùgbọ́ lọ́nà ni mo máa ń mú.

Fún ọ̀gá fọkanáísà, "hair" yẹn ni, torí ọ̀rọ̀ òòjọ́ rẹ̀ ni. N kò sọ fún un pé ó ṣì í. Mo ní kó gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu rẹ̀, kó sọ "hair" bí ẹni tó fọwọ́ kan irun orí. Èémí gbígbóná bà á lọ́wọ́. Mo ní kó sọ "air" bí ẹni tó ń fi atẹ́gùn sí táyà, kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ́ nǹkan kan. Ó ń ṣe é, ó ń ṣe é, ó wá já a: "Haa! Irun ni mo ti ń fi sínú táyà àwọn èèyàn látọjọ́ yìí?" Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwa wá bá a rín in. Ẹ wò ó, ẹ̀rín tí kò pani nìyẹn.

Bàbá Kétu ní tirẹ̀, Faransé ti gba ìró h lẹ́nu rẹ̀. "House" ń di "ouse", "hotel" ń di "otel". Mo fi àwọn méjèèjì ṣe ẹnì kejì ara wọn fún oṣù kan, ẹni tó ní h púpọ̀ àti ẹni tí kò ní. Van àti fan, zip àti sip, ìyẹn náà ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ dà lé wọn lórí.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Gúrúùpù WhatsApp kíláàsì ni àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi í sí MP3 mono (fáìlì ohùn tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo), ní 64 kbps (ìwọ̀n dátà tí ohùn ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan), ìṣẹ́jú márùn-ún kò ju nǹkan bí MB 2.4 lọ, dátà kékeré lè gbé e. Lẹ́yìn èyí, ẹni kan péré tí ẹni tó ni ohùn fúnra rẹ̀ yàn: ọmọ, ọ̀rẹ́, ìyàwó ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ lè gbé e sórí Spotify lọ́fẹ̀ẹ́, kó lo orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ dípò orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Nínú àwọn mọ́kànlá náà, àwọn méjì ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò rọ àwọn yòókù.

Ẹ máa fi déètì sórúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí oníkálukú dá gbọ́ ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ìyá aláṣọ òfì, ìdí tó fi wá sí kíláàsì ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Manchester. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá pè, á sọ "How are you", wọ́n á ní "Fine", fóònù á dákẹ́ títí ìyá wọn á fi gbà á. Ó gba ìṣẹ́jú kan àti àáyá 50 sílẹ̀ lórí sányán, ó ní ní àtijọ́, òwú rẹ̀ máa ń wá "from the house of worm". Mo ronú àtitún un ṣe, mo ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí n tó gbé kọ́kọ́rọ́ dé. Ọmọkùnrin kékeré tó wà láàárín wọn ti dá fọ́ìsì nóòtì padà, ó fẹ́ mọ ibi tí kòkòrò ń sùn bí wọ́n bá ti kó ilé rẹ̀ lọ. Ó ṣí i fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi. "Tíṣà, fóònù yẹn dà? Wọ́n bi mí ní ìbéèrè."